Ilẹ̀kùn Yàrá Màmá

Màmá mi, ẹ kú ojú lọ́nà. Ara mi le, iṣẹ́ káfíńtà ń lọ dáadáa.

Ẹ béèrè nípa yàrá tí mo fẹ́ kọ́ mọ́ ilé mi fún yín. Àdúgbò ṣèpàdé lé e lórí lánàá, torí ó sún mọ́ ọgbà ẹlòmíì ju bí òfin ṣe wí lọ. Wọ́n yẹ́ mi sí gan-an. Tíṣà tí ọgbà wa pààlà, tí mo tún òrùlé rẹ̀ ṣe fún un lẹ́yìn ìjì, ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní, "Èèyàn dáadáa ni káfíńtà o, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí àwọn tó fara mọ́ ọn nawọ́. Mo na tèmi, mo wẹ̀yìn, tèmi nìkan ló wà lókè, mo rọra sọ ọ́ kalẹ̀.

Ilẹ̀kùn yín ti parí ṣá. Mo ṣe é kó fẹ̀ kí àga onítáyà yín lè gbabẹ̀ kọjá. Ó fara ti ògiri pálọ̀. Mo máa ń nù ún láràárọ̀.

Ẹ bá mi kí àbúrò mi. Ẹ ní kó tú ẹrù tẹ́ ẹ ti dì, kó sá àwọn aṣọ yẹn sóòrùn díẹ̀.

Èmi ọmọ yín.