Àwo Àjàrà Tó Ṣẹ́ Kù

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín o. Ṣé orúnkún yẹn ti ń jẹ́ kí ẹ gun àtẹ̀gùn? Ara tèmi le, ọkàn mi ni kò balẹ̀. Ẹ jókòó kí ẹ tó ka ìyókù.

Nígbà tí àrùn mú àjàrà tí Bàbá gbìn sẹ́yìn ilé, èmi ni mo já òdòdó rẹ̀ tí kò tíì là lọ sí yàrá ìwádìí wa. Mo ní bí a bá tọ́ ara òdòdó náà nínú àwo, ó lè di ọlẹ̀ bí èyí tó ń wà nínú irúgbìn, kó sì hù láìní àrùn. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní, "Ìyẹn ni pé mo tún fẹ́ di ìyá ìkókó lọ́jọ́ alẹ́ mi." Láti ìgbà náà, tí ẹ bá ti pè lọ́jọ́ Àìkú, ẹ ó kọ́kọ́ bèèrè pé, "Àwọn ọmọ wa ńkọ́?"

Màmá, mo ti da àwọn ọmọ náà nù. Lóṣù kẹta, kókó funfun tí ara òdòdó náà dì nínú àwo ṣú bí ewé gbígbẹ. Ọ̀gá mi wà lẹ́nu ìsinmi. Èmi ọlọ́gbọ́n, mo ní wọ́n ti kú, mo kó gbogbo wọn dànù. Nígbà tí ọ̀gá dé, ó káwọ́ lérí: "Inú èyí tó ṣú yẹn gan-an ni ọlẹ̀ àjàrà ti máa ń yọ! Ta ló rán ẹ níṣẹ́?"

Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, ẹ bèèrè wọn. Mo ní wọ́n wà dáadáa. Ẹ ní aládùúgbò ń ṣàròyé pé àrùn fẹ́ ràn mọ́ tirẹ̀, ṣé kí ẹ gé ti ẹ̀yìn ilé. Ojú tì mí láti sọ òótọ́, mo ní kí ẹ gé e. Nígbà tí ẹ tún pè, ẹ ní ẹ fọwọ́ kan ìdí rẹ̀ kí agégi tó bẹ̀rẹ̀.

Lánàá, mo ń nu kọ́bọ́ọ̀dù tí a ń kó àwọn àwo sí kí ìmọ́lẹ̀ má bà wọ́n. Mo rí ọ̀kan tí mo gbàgbé sí kọ̀rọ̀. Ọlẹ̀ mẹ́rin ti yọ lórí kókó rẹ̀ tó ṣú, wọn ò tó hóró ìrẹsì. Mẹ́ta kàn wú lásán ni, ṣùgbọ́n ọ̀kan ti ta gbòǹgbò. Àìbìkítà mi ló dá a sí, kì í ṣe ọgbọ́n mi. Ọ̀gá ti gbà á lọ́wọ́ mi, ó ní ojú ni kí n máa fi wò ó.

Ẹ bínú sí mi bó ṣe tọ́, Màmá. Ẹ ṣáà má dákẹ́ sí mi. Kí Ọlọ́run dá yín sí, kí ẹ tún jókòó sábẹ́ ibòòji rẹ̀.

Èmi ni àbíkẹ́yìn yín, tó parọ́ fún yín.

Mo tún rántí o: tí ẹ bá pè lọ́jọ́ Àìkú, ẹ má bèèrè àwọn ọmọ mọ́. Ọmọ kan ṣoṣo ló kù. Ẹ bèèrè rẹ̀. Tó bá kú, màá sọ fún yín.