Mo Gba Mẹ́sàn-án Nínú Ìdánwò Dókítà

Ọmọ mi àtàtà,

Ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni mo ti lò lórí ilẹ̀ yìí, mi ò sì gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, ì báà ṣe ìwọ, ì báà ṣe káfíńtà tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé wa. Kí ẹ̀yin méjèèjì gbẹ́nu yín dákẹ́. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ ti fúyẹ́? Ọ̀gá rẹ tí kì í rẹ́rìn-ín ńkọ́? Ọlọ́run á máa ṣílẹ̀kùn fún ọ kí o tó kàn án, àtẹ̀gùn gíga tí ò ń gùn lọ síbi iṣẹ́ yẹn kò ní yọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀. Ara tèmi ti ń yá. Mo ní ara mi ti ń yá o. Jókòó kí o ka bó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí lórí fóònù o kì í jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú ni mo ti fi aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Odindi oṣù méje. Àwọn ìyá ọmọ ilé ìwé ń gbé yúnífọ́ọ̀mù wá, mò ń ní kí wọ́n máa gbé e lọ. Mi ò jẹun, mi ò sùn, mi ò sunkún pàápàá, mo kàn ń wo àjà ni. O ní kí n lọ rí dókítà, mo ní mi ò ya wèrè. Nígbà tó yá mo lọ, kì í ṣe nítorí pé ìwọ lo sọ ọ́ o, ẹsẹ̀ ara mi ló gbé mi lọ.

Dókítà náà, ọmọdébìnrin tí mo lè bí ìyá rẹ̀, kò fi abẹ́rẹ́ kankan gún mi. Ìdánwò ló gbé fún mi. Ìbéèrè mẹ́sàn-án, nọ́ọ̀sì ń kà á, èmi ń fa ìlà sábẹ́ nọ́ńbà. Ṣé oorun kì í wá? Ṣé oúnjẹ kì í lọ? Òdo ni tí kò bá ṣe yín rí, ẹẹ́ta ni tó bá ń ṣe yín lójoojúmọ́. Èyí tó kẹ́yìn ní ṣé mo máa ń rò ó pé ó sàn kí n kú. Mo fa ìlà sábẹ́ eéjì. Mo mọ̀ pé mi ò sọ ìyẹn fún ọ rí. Nígbà tí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, mo gba méjìlélógún nínú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n! Ọmọ mi, kíláàsì kejì ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, máàkì mi kò sì ju mẹ́rin lọ rí. Láti oṣù méje, ohun àkọ́kọ́ tó dùn mọ́ mi nínú nìyẹn.

Dókítà wá ní kíláàsì ìtọ́jú mẹ́ta ló wà, kò sí èyí tí èèyàn ń sùn síbẹ̀ nínú wọn. Àkọ́kọ́, ojoojúmọ́, láago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́ta ọ̀sán, àfi Sátidé àti Sọ́ńdè. Ìkejì, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, àárọ̀ nìkan. Ìkẹta, wákàtí kan péré lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ó ní ojoojúmọ́ ló bá mi mu. Mo ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó gba irú máàkì yẹn, ibo ni wọ́n tún fẹ́ gbé e sí?

Yàrá gígùn kan ni, àga rọ́bà méjìlá yí po, aago ara ògiri fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá yára. Wọ́n á pe orúkọ wa, wọ́n á fún wa lóògùn, kálukú á wá sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Awakọ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ń jókòó tì mí, Bíréèkì la ń pè é, odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fi sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tó la ẹnu, ó ní irú aránṣọ wo lèmi, tí etí aṣọ mi tú sílẹ̀ gbẹrẹgẹdẹ báyìí? Inú bí mi débi pé ọjọ́ náà gan-an ni mo ṣí aṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ mi. Mo rán etí aṣọ náà, mo wọ̀ ọ́ lọ lọ́jọ́ kejì, mo sì jókòó sí ọ̀kánkán rẹ̀ kó lè rí i dáadáa.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìdánwò tún dé. Ṣùgbọ́n oorun mi ti ń wá, mo sì ti ń jẹun. Nígbà tí a dé ìbéèrè tó kẹ́yìn, ó wù mí kí n fa ìlà sábẹ́ eéjì bíi ti ìjọ́sí, kí máàkì mi má bàa já. Mo ti gbé bírò lé e. Irọ́ ni yóò jẹ́. Mo fà á sábẹ́ òdo. Mẹ́sàn-án péré ni mo gbà, dókítà sì ní kí n má wá lójoojúmọ́ mọ́. Ẹkún tí mi ò sun nígbà tí bàbá rẹ kú, ibẹ̀ ni mo ti sun ún. Mo ní mi ò gbà, kí wọ́n jẹ́ kí n tún un ṣe, ẹnikẹ́ni kò ní já mi sí kíláàsì ìsàlẹ̀ lọ́jọ́ orí mi yìí. Dókítà wo nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì wo ilẹ̀. Dókítà wá jókòó tì mí, ó ní màmá, àìsàn là ń kà níbí, kì í ṣe ọgbọ́n, bó bá ṣe ń dín kù lẹ ṣe ń yege. Mo rẹ́rìn-ín títí omi ojú mi fi rin ìwé ìdánwò. Bíréèkì tó gba mẹ́tàlá, tó ti ń ṣakọ sí mi láti àárọ̀, bá yára ká ìwé ìdánwò tirẹ̀ sápò.

Dókítà ní kí n yan ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀kan. Ìwọ ní ẹ̀ẹ̀kan tó, nítorí wàhálà ọkọ̀. Káfíńtà ní kí n má lọ mọ́ rárá, pé ara ẹni tó ń bú èèyàn báyìí ti yá. Kí lẹ mọ̀? Nígbà tí wọ́n ti ibẹ̀ pa fún ọjọ́ mẹ́rin torí pé wọ́n ń kun ògiri, ọjọ́ kẹta ni mo ti padà sórí bẹ́ẹ̀dì, mo faṣọ borí. Láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ jìn jù fún mi. Èmi fúnra mi ni mo yan ẹ̀ẹ̀mẹta, Mọ́ńdè, Wẹ́sìdé, Fúráìdè. Túsìdé àti Tọ́sìdé, ti ẹ̀rọ mi ni. Dókítà ní ohun tí òun náà ì bá yàn nìyẹn, mo ní ta ló bi í?

Owó ọkọ̀ ló kù. Mi ò tọrọ o, má fi owó àánú kankan ránṣẹ́ sí mi. Ohun tó jẹ́ tèmi ni mo ń bèèrè. Má sì gba inú fóònù fi í ránṣẹ́, fóònù tí kò lè tọ́jú iná di ọ̀sán, owó wo ni yóò tọ́jú? Ọlọ́run á dá ọ sí fún mi. Oorun á máa wá bá ọ wọ́ọ́rọ́, ojú rẹ kò ní rí ohun tí ojú mi rí lóṣù méje yẹn, tó bá sì fẹ́ rí i, sáré lọ ṣe ìdánwò náà.

Èmi ni ìyá rẹ. Ó di ọdún mẹ́rin báyìí tí o yá owó aṣọ yúnífọ́ọ̀mù lọ́wọ́ mi láti fi gba yàrá. Oṣù kan lo dá. San owó mi.