Tẹ́ṣọ̀n Ọ̀fà Tí Mo Fi Tákàdá Kọ́ ní Tàmálè

Màámi, ẹ kú ilé o, ẹ sì kú àṣẹ̀yìndè Bàbá wa. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Zogbeli, àdúgbò wa ní Tàmálè ní ilẹ̀ Gánà níbí. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi Ràímì, mo kí Sìfáwù àbúrò mi. Ara wa le, ọyẹ́ nìkan ló ń bá wa jà. Ó ti la gbogbo wa létè.

Mo gbọ́ pé àwọn èèyàn ń bi yín ohun tí mo ń ṣe tí n kò fi wá sin Bàbá. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn, kí àwọn náà lè kà á. Wọ́n ti sin Bàbá kí n tó gbọ́. Ibi iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà bá mi.

Òyìnbó kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ káfíńtà níbí ní rélùwéè ìṣeré lórí pákó gbọọrọ kan. Rélùwéè gidi kò dé Tàmálè. Kùmásí ló ń dúró sí. Ikán ti jẹ àwọn òkè orí pákó náà, ọyẹ́ sì ti sán odò tó fi ọ̀dà kùn síbẹ̀. Ó ní kí n bá òun tún un ṣe, kí n sì kọ́ tẹ́ṣọ̀n tí mo bá mọ̀ sí i. Mo ní ti Ọ̀fà ni mo mọ̀.

Mo fi wáyà tẹ òkè, mo fi tákàdá tí mo rẹ sínú ẹ̀kọ gbígbóná bò ó. Mo po lẹ́búlẹ́bú ìdí ayùn mọ́ ọ̀dà aláwọ̀ ewé, ó di koríko. Tákàdá líle ni mo gé fi kọ́ ilé tẹ́ṣọ̀n, mo sì fi igi kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òyìnbó ní àwọn ènìyàn kéékèèké tí wọ́n fi òjé ṣe. Mo mú ọ̀kan, mo kun agbádá funfun sí i lára, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ igi, níbi tí Bàbá dúró sí lọ́jọ́ tí wọ́n sìn mí dé tẹ́ṣọ̀n. Òyìnbó bi mí pé èwo ni ti ẹni yìí tí kò lẹ́rù. Mo ní kò rìnrìn àjò, ó wá sin ọmọ rẹ̀ sọ́nà ni.

Ọ̀dà agbádá náà kò tíì gbẹ nígbà tí Àlàbí, ará Ọ̀fà tó ń ta aṣọ lọ́jà ńlá, wọlé. Ó kí mi kú iṣẹ́, ó wá ní kí n gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ ná. Mo ti mọ̀ pé Bàbá ti lọ kó tó sọ ọ́.

Mo fẹ́ yọ ẹni òjé náà kúrò. Mo ti ọ̀bẹ bọ̀ ọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀. Òyìnbó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní kí n jẹ́ kó dúró, pé ibí lòun náà wà nígbà tí wọ́n sin ìyá òun. Mo yọ ọ̀bẹ náà kúrò.

Òyìnbó ti padà sílùú rẹ̀ báyìí. Ó ní kí n máa gbé pákó náà lọ, pákó ọ̀hún sì ti gba ìdajì yàrá wa. Sàráátù ìyàwó mi kò ráhùn. Àwọn ọmọ kò mọ Ọ̀fà, Màámi. Dagbani, èdè àwọn ará ibí, ni wọ́n fi ń ṣeré, Hausa ni wọ́n fi ń jà. Bí mo bá sọ Yorùbá sí wọn, wọ́n á gbọ́, wọn ò ní fi fèsì. Lánàá, Rábì àkọ́bí mi fi ìka tọ ojú irin náà kúrò ní tẹ́ṣọ̀n, ó fi Hausa bi mí pé ilé Màmá Ọ̀fà dà. Mo ní ilé Màmá ṣì wà níwájú, pákó ló tán.

Kí Ọlọ́run tẹ́ Bàbá sí afẹ́fẹ́ rere, kó sì jẹ́ kí n fojú kàn yín láàyè. Sàráátù àtàwọn ọmọ kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ bá mi kí gbogbo agboolé, pàápàá àwọn tó wẹ Bàbá, tí wọ́n sì gbé wọn sínú ilẹ̀ nípò mi.

Èmi ni ọmọ yín,
Gàníyù