Lékèélékèé Tó Di Àwọ̀ Ewé

Bàámi ọ̀wọ́n,

Èmi ọmọ yín obìnrin ni. Ìyàwó Ràímì, ọmọ mi, ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, nítorí ẹ mọ̀ pé ẹ kò rán mi nílé ìwé. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lẹ rán. Èmi lẹ fi sínú yàrá òkùnkùn ní ṣọ́ọ̀bù yín ní Agége, kí n máa fọ fíìmù. Ìyàwó mi béèrè bóyá kí òun kọ ìyẹn síbẹ̀. Mo ní kó kọ ọ́. Mi ò bínú mọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn.

Mo ti gbé lẹ́ǹsì kámẹ́rà yín gígùn yẹn jáde, èyí tó ń fa ohun tó jìnnà sún mọ́ni. Ẹ ní kí n má fọwọ́ kàn án láéláé, pé òyìnbó tó tà á fún yín ní Ìkẹjà ti sọ pé ọwọ́ obìnrin kò lè gbé e dúró. Ó wúwo lóòótọ́. Mo rọ ẹ̀wà sínú àpò kékeré kan, mo gbé àpò náà lé irin ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, mo sì gbé lẹ́ǹsì lé e lórí. Kò mì rárá. Kí ló dé tí ẹ̀yin kò ṣe bẹ́ẹ̀, tẹ́ ẹ kàn ń làágùn lábẹ́ rẹ̀? Ẹ máa ń gbé èjìká òsì sókè kẹ́ ẹ tó tẹ kámẹ́rà, bí ẹni tí òtútù mú. Èmi náà ń ṣe é. Mi ò mọ ìgbà tí mo kọ́ ọ.

Ẹyẹ ni mo fi yà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ aláṣọ kan wà lẹ́yìn ilé wa ní Ìfàkò. Ibẹ̀ ni Ràímì ti ń ṣiṣẹ́. Omi tí wọ́n fi ń pa aṣọ láró ń gba inú páìpù kan jáde sínú gọ́tà tó kọjá lẹ́bàá kànga wa. Láti ọdún tó kọjá ni omi kànga ti ń rùn. Àṣàbí, ọmọ Ràímì, kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ, ara rẹ̀ ti bó láti ọrùn dé ìdí. Ó ń họ ọ́ títí ẹ̀jẹ̀ fi ń jáde. A lọ sí káńsù. Ọ̀gá tó gbọ́ ẹjọ́ wa níbẹ̀ sọ pé ilé iṣẹ́ náà ti sọ fún òun pé àwọn kì í da omi aró síta, pé àwọn ìyá arúgbó méjì tó ń ṣe àdìrẹ ní òpin òpópónà wa ló ń ba omi jẹ́. Ó ní bí a bá ní ẹ̀rí, ká mú un wá. Àwọn ìyá náà sunkún. Aró dúdú ni wọ́n ń ṣe láti kékeré, wọn kò ṣe àwọ̀ mìíràn rí.

Kò sẹ́ni tó lè sún mọ́ páìpù náà. Inú ọgbà ilé iṣẹ́ ló wà, gáàdì sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè onílé wa, lẹ́ǹsì yín ń rí i. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wò ó, mo pariwo. Lékèélékèé ló kún ẹnu páìpù, wọ́n ń ṣa kòkòrò jẹ. Láti ẹsẹ̀ dé àyà, wọ́n ti di àwọ̀ ewé, bí ẹni pé wọ́n gba gbogbo wọn síṣẹ́ sójà. Ìyàwó mi ní ká má kọ ọ̀rọ̀ sójà sílẹ̀ láyé tí a wà yìí. Mo ní ta ló fẹ́ já lẹ́tà tí a kọ sí òkú wò?

Bàámi, ibi tí mo ti ṣe bí òmùgọ̀ nìyí. Fíìmù dúdú àti funfun tí mo ń fọ̀ nílé ni mo fi yà wọ́n. Mo tẹ fọ́tò náà tán, mo wọ aṣọ tó dáa, mo gbé e lọ sí káńsù. Ọ̀gá yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

“Màmá, ẹyẹ nìyí.”

“Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ọ̀gá.”

“Ó dúró síbi òjìji ni.”

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo wò ó dáadáa. Ẹyẹ rí bí eérú, omi rí bí eérú. Gbogbo ọdún tí mo ti lò nínú iṣẹ́ yìí! Ojú mi rí àwọ̀ ewé, mo sì gbàgbé pé fíìmù mi kò lè rí i. Àwọn akọ̀wé rẹ́rìn-ín títí. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Màmá, ẹ padà wá o, ẹ wá bá mi ya adìẹ mi.”

Láti ìgbà tí ìjọba ti gbé sáàpù dé, tí gbogbo nǹkan wọ́n gógó, apá mi kò ká fíìmù aláwọ̀ mọ́. Àfi bí ẹnì kan bá pè mí síbi ìkómọ kí n tó lè rà á. Mo dúró de ìkómọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n pè mí, fíìmù náà gba fọ́tò mẹ́rìndínlógójì, mo ya ọgbọ̀n, mo ní ó ti tán. Ìyá ọmọ ṣì fẹ́ ya ọ̀kan pẹ̀lú ìyá ọkọ rẹ̀. Mo wo ojú rẹ̀, mo purọ́ fún un. Ẹ̀yin kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ sí oníbàárà, mo mọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni mo gòkè. Èkíní àti èkejì bàjẹ́, ẹyẹ mirí. Bí mo ṣe fẹ́ tẹ ẹ̀kẹta, gáàdì sọ òkúta, gbogbo wọn fò lọ, òfuurufú nìkan ni mo mú. Mo dúró títí orúnkún mi fi kú kí wọ́n tó padà. Ẹ̀kẹrin àti ẹ̀karùn-ún dáa. Fún ẹ̀kẹfà, mo sún sápá òsì títí pátákó ilé iṣẹ́ tó wà lára ògiri fi bọ́ sẹ́yìn ẹyẹ kan. Lẹ́ǹsì yín fà wọ́n pọ̀ bí ẹni tó fara ti ara wọn. Mi ò lè ka ohun tó wà lára pátákó, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àwọn tó mọ̀wé kì í gba ohun tí kò sí ìwé lára rẹ̀ gbọ́.

Èmi àti ìyàwó mi lọ fọ̀ ọ́ ní Ìkẹjà. Ó jáde kedere, àwọ̀ ewé tí kò sí ẹni tó lè pè é ní aró àdìrẹ. Ìyàwó mi ka orúkọ ilé iṣẹ́ tó wà lára pátákó fún mi lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí Ràímì rí fọ́tò náà, ó jókòó sílẹ̀.

“Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n ti lé ìdajì wa lọ. Tí wọ́n bá mọ̀ pé ìyá mi ló yà á, ó parí nìyẹn.”

“Àṣàbí ńkọ́?”

“Omi yẹn ò kúkú burú tó bẹ́ẹ̀.”

Mo bu omi kànga sínú kọ́ọ̀bù, mo gbé e síwájú rẹ̀. “Ó yá, mu ún.”

Kò mu ún. Mo ní bí wọ́n bá lé e, màá kọ́ ọ níṣẹ́ yín. Ó ní, “Kí n wá máa ya lékèélékèé kiri?” Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Òun náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó kàn yíjú kúrò kí n má bàa rí i ni.

Ṣùgbọ́n owó oṣù rẹ̀ la fi ń jẹun, Bàámi, ìdí nìyẹn tí mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀. Ṣé ẹ rántí ọkùnrin tí ẹ̀rọ pa ní ilé iṣẹ́ kan, tí àwọn ọ̀gá ibẹ̀ pè yín kẹ́ ẹ wá ya ibẹ̀? Ìyàwó rẹ̀ wá bẹ̀ yín ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́ ẹ fún òun ní fọ́tò náà. Ẹ sọ fún un pé fíìmù ti bàjẹ́. Mo wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, mo gbọ́ yín. Fíìmù yẹn kò bàjẹ́. Èmi ni mo fọ̀ ọ́. Ṣé ẹ̀rù ló bà yín ni? Ṣé nítorí tiwa ni, kí wọ́n lè máa pè yín síṣẹ́, ká lè rí oúnjẹ jẹ? Mi ò bi yín léèrè títí ẹ fi kú. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ náà.

Ẹ̀rù ń ba èmi náà, kí n má tàn yín. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọ̀la, màá kó fọ́tò mẹ́ta yìí lọ sí káńsù. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé bírò sílẹ̀, ó ní òun á bá mi lọ, kóun lè ka orúkọ yẹn sí wọn létí. Mo ní kó gbé bírò rẹ̀, ká parí lẹ́tà. Bí wọ́n bá lé wa jáde, a ó padà lọ lọ́jọ́ kejì.

Mo fẹ́ràn yín, mi ò sì gbà pé ohun tẹ́ ẹ ṣe fún obìnrin yẹn dáa.

Ọmọ yín tó ń bá yín fọ fíìmù.