Ọ̀sẹ̀ Méjì Lọ́dọ̀ Ọ̀gá Ọdún

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kejì

Mo dé. Òtútù. Ọmọ mi wá pàdé mi ní pápákọ̀ òfurufú, ó ti rù — mi ò sọ. Ó ní mo ti sanra — òun sọ tiẹ̀.

Yàrá kan, ilé ìdáná tí èèyàn méjì ò lè dúró sí lẹ́ẹ̀kan náà, fèrèsé tó kọjú sí ògiri. Èmi lórí bẹ́ẹ̀dì, òun nílẹ̀. Mo ní ká pààrọ̀, ó ní ilẹ̀ dára fún ẹ̀yìn òun. Ó jọ pé ipò ọ̀gá máa ń dun èèyàn lẹ́yìn.

Ọ̀gá Ọdún ni mo ń pè é nínú ìwé yìí. Òun ló kọ̀wé sílé lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn pé òun ti di ọ̀gá ní ọ́fíìsì tó ń ṣètò ọdún ìparí òtútù níbí: ìlù, ijó, èèyàn nínú ẹ̀wù ẹranko, ọjọ́ mẹ́jọ gbáko. Torí kí n lè wò ó ni mo ṣe ti ṣọ́ọ̀bù. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń ránṣọ, mi ò ti ṣọ́ọ̀bù ju ọjọ́ mẹ́ta lọ rí, ọjọ́ mẹ́ta ọ̀hún náà, ìgbà tí mo bí i ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Alága pè. Ọkọ mi ni. Alága ẹgbẹ́ àdúgbò ni, kò sì bọ́ oyè náà sílẹ̀ tó bá wọlé. Ó ní kí n ya fọ́tò Ọ̀gá Ọdún lórí àga ọ́fíìsì rẹ̀, kí tábìlì hàn, kí orúkọ tó wà lórí tábìlì hàn. Ó fẹ́ fi han ìpàdé lópin oṣù. Ó ti sọ fún wọn. Nǹkan tí Alága bá gbọ́ láàárọ̀, ìpàdé á ti gbọ́ kó tó dọ̀sán.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Mo ní kó mú mi lọ sí ọ́fíìsì. Ó ní wọ́n ń kùn ún lọ́dà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Ọ̀dà ò tíì gbẹ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Ọ̀dà ìlú yìí lágbára.

Ó gbé àpò kan wálé, àpò tó lè gba àgùntàn. Mo ní kí ló wà níbẹ̀. Ó ní fáìlì. Ọwọ́ kan ló fi gbé fáìlì yẹn sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ní ọ̀la lọdún máa bẹ̀rẹ̀, àmọ́ kí n má wá, èrò máa pọ̀. Kí n dúró di ọjọ́ tó máa kẹ́yìn, òun á wá àga fún mi níwájú. Mo ní ó dáa. Mo fò kọjá orí òkun torí ọdún, mo wá ní ó dáa.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Mo lọ.

Ìyá Pẹ̀lẹ́ ló mú mi lọ. Ìyá arúgbó tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ọmọ mi kọ́ ọ nínú èdè wa, pẹ̀lẹ́, ó sì ń fi ṣe gbogbo nǹkan. Ó kan ilẹ̀kùn, ó ní pẹ̀lẹ́, ó na agboòrùn rẹ̀ sí ojú títì. Ó yé mi.

Ọdún dára, mi ò ní parọ́. Ìlù ń dún, àwọn ọmọdé wà léjìká bàbá wọn, àwọn ẹranko ńlá ń jó bọ̀: ehoro, ẹja, ìgbín tí èèyàn mẹ́rin wà nínú ẹ̀. Ó wá kan pẹ́pẹ́yẹ funfun kan tó ga ju ilẹ̀kùn lọ. Ìdí rẹ̀ ti ya, pínnì ni wọ́n fi mú un. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé ẹni tó rán ìdí pẹ́pẹ́yẹ yìí ò kọ́ṣẹ́ parí. Ibi tí mo ti ń wo ìdí náà ni mo ti rí ẹsẹ̀.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún tó ń ya síta, tó ń gbálẹ̀ díẹ̀ kó tó gbéra. Ẹsẹ̀ Alága. Èèyàn méjì péré ni mo mọ̀ tó ní irú rẹ̀ láyé, ọ̀kan ń ṣèpàdé nílé.

Mo sá sẹ́yìn agboòrùn Ìyá Pẹ̀lẹ́. Ó wò mí, ó wo pẹ́pẹ́yẹ, ó ní pẹ̀lẹ́. Òun ti mọ̀ tipẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Dìgírì méjì ló gbà ní yunifásítì. Pẹ́pẹ́yẹ.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Ó dé nírọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Mo gbé omi gbígbóná fún un kó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Mo ní ṣé iṣẹ́ ọ́fíìsì ló ń wú ẹsẹ̀ báyìí. Ó ní ìpàdé pọ̀. Mo ní ṣé orí ìdúró ni wọ́n ti ń ṣe é. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tiwa yìí, pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n rán lé e.

Inú mi bàjẹ́. Kì í ṣe torí pẹ́pẹ́yẹ. Mo ti ránṣọ fún àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ tó burú jù ú lọ, kóòtù ni wọ́n sì ń wọ̀ ṣe é. Ohun tó dùn mí ni pé òun nìkan ló ń ru ẹrù yìí láti ọdún mẹ́ta, torí èmi àti bàbá rẹ̀, kò sì rí ẹni bá a sọ ọ́ kalẹ̀.

Bí mo bá ní mo rí ọ, ojú á tì í, á tún wá irọ́ mìíràn fi bo ti àkọ́kọ́. Bí mi ò bá sọ, màá wọ ọkọ̀ òfurufú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, á sì máa ṣe ọ̀gá fún wa lórí fóònù títí ọ̀kan nínú wa á fi kú. Ojú lọ̀rọ̀ wà, wọ́n ní. Àwa ò rójú wo ara wa.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Alága pè. Fọ́tò dà? Mo ní ọ̀dà. Ó ní ọ̀dà wo? Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. Èmi ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Ọjọ́ ìsinmi wọn. Ó lọ gẹrun láàárọ̀. Mo gbé àpò sọ̀ kalẹ̀ lórí kọ́bọ́ọ̀dù, mo fa pẹ́pẹ́yẹ yọ.

Pínnì mọ́kànlá nídìí ọmọ mi. Ó lè gún un!

Òwú funfun ò sí lọ́wọ́ mi, búlúù nìkan ni mo kó wá. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo tú gbogbo ìdí yẹn, mo tún un rán láti ìbẹ̀rẹ̀, ìlà méjì, kó má tún já mọ́. Mo gé ṣálì mi sí méjì, mo fi tẹ́ inú ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Òwú búlúù lórí aṣọ funfun — afọ́jú á rí i. Mo mọ̀. Mo ká a padà, mo gbé e sókè, mo lọ gbé omi kaná.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Ó jáde láago mẹ́fà, ó dé nírọ̀lẹ́. Ọwọ́ méjì ló fi gbé àpò sókè. A jẹun. Ó fọ abọ́. Ó tún abọ́ kan náà fọ̀. Ó ní òun ti rí àga fún mi lọ́la.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Àga níwájú lóòótọ́. Ìyá Pẹ̀lẹ́ jókòó tì mí.

Pẹ́pẹ́yẹ jó bọ̀. Mo kọ́kọ́ wo ìdí: kò mì. Ó jó dé iwájú mi, ó dúró. Ìlù ń lọ, òun dúró. Ló bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹnu ló kọ́kọ́ kanlẹ̀, torí ẹnu gùn.

Èrò pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ara ijó ni. Ehoro rò pé wọ́n ti yí ètò padà, òun náà dọ̀bálẹ̀. Ẹja dọ̀bálẹ̀. Ìgbín gbìyànjú, àmọ́ àwọn mẹ́rin inú ẹ̀ ò gbọ́ ara wọn yé.

Kí ni kí n ṣe? Mo dìde, mo gbọ́wọ́ lé pẹ́pẹ́yẹ lórí. Mo ní o káre, ọmọ mi, ẹsẹ̀ rẹ ò ní kọ, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ á gbè ọ́, dìde. Mo ṣàdúrà fún ehoro àti ẹja náà, wọ́n kúkú ti wà nílẹ̀. Mo ń sunkún, mi ò sì bìkítà ẹni tó ń wò mí. Láti inú pẹ́pẹ́yẹ, mo gbọ́ ohùn kan tó ní ẹ ṣé, Mọ́mì.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Òun fúnra rẹ̀ ló pe Alága. Mo ní ṣé kí n bá a sọ ọ́, ó ní rárá. Ó gbé fóònù sórí tábìlì kí èmi náà lè máa gbọ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀. Pé òun ò ní àga, òun ò ní tábìlì. Pé tí ọdún bá ti parí, ilé ìkẹ́rùsí lòun ti ń gbé páálí. Pé nínú ọdún, pẹ́pẹ́yẹ lòun.

Alága dákẹ́. Ó dákẹ́ títí mo fi yẹ fóònù wò bóyá ó ti já. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo ti wà nílé ọkùnrin yẹn, mi ò gbọ́ irú ìdákẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Ó ní ṣé ìyá rẹ rí i. Ọmọ mi ní Mọ́mì rí i.

Ó wá ní ṣé wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ọmọ mi ti fóònù sọ́dọ̀ mi. Mo gbé fóònù. Mo ní wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ó ní ṣé wọ́n pọ̀.

Mo ní wọ́n kún gbogbo títì.

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní kí n gbé fóònù padà fún ọmọ òun.