Ìròyìn Tí Ẹ Máa Ń Sọ fún Káyọ̀dé

Ìyá mi àtàtà,

Ẹ kú ìsinmi o. Bàbá ń kí yín. Wọ́n wá sí Àgọ́-Ìwòyè lọ́sẹ̀ tó kọjá láti gbọ́ ewì mi ní yunifásítì. Bùbá funfun tí ẹ rà fún wọn ni wọ́n wọ̀, wọ́n sì jókòó lọ́wọ́ iwájú.

Ẹ mọ̀ pé lẹ́yìn tí omi gbé ẹ̀gbọ́n mi Káyọ̀dé lọ ní Ìbíadé, Bàbá kò dárúkọ rẹ̀ mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ náà nínú ilé, ńṣe ni wọ́n á dìde jáde. Tiyín kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, tí ẹ bá ti kó ẹja kúrò lórí ààrò, ẹ ó fà mí lọ́wọ́ lọ sétí omi, ẹ ó sì máa ròyìn ilé fún un: ewúrẹ́ wa ti bí ìbejì, òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ti ń jò, eyín àbúrò rẹ ti ká. Ẹ kì í sunkún. Èmi a máa rò pé ó ń gbọ́. Ṣé ó ń gbọ́ lóòótọ́, Màmá? Ṣé ẹ ti rí i lọ́run tí ẹ wà?

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé yunifásítì, ikú, òkùnkùn àti ẹ̀dùn ọkàn ló kún inú ewì mi. Olùkọ́ mi obìnrin kan kà á tán, ó bi mí pé, "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?" Bí mo ṣe ń lọ sílé ni ohùn yín dé sí mi létí. Mo jókòó, mo kọ ewì kan sí Káyọ̀dé bí ẹ ti máa ń bá a sọ̀rọ̀, mo ní ewúrẹ́ ti bímọ. Àtìgbà náà ni ewì mi ti fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ewì yẹn ni mo kà. Ẹ̀rù bà mí láti dárúkọ rẹ̀ lójú Bàbá, ṣùgbọ́n mo dárúkọ náà. Wọn kò dìde. Wọ́n di apá àga mú, wọ́n tẹjú mọ́ mi títí mo fi parí.

Nínú mọ́tò tí à ń bá lọ sílé, bí a ṣe kọjá ìlú Òrù, Bàbá ní:

"Káyọ̀dé kì í jẹ ẹja. Ọmọ etí omi, kì í jẹ ẹja."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Mo ń bi wọ́n léèrè, wọ́n ń dá mi lóhùn, títí a fi délé.

Ẹ ṣeun, Màmá. Ẹ ṣeun gan-an.

Èmi ọmọ yín tí kò ní yé dúpẹ́.