Oríkì Tí Mo Gbé Lọ sí Rédíò

Ilé Alágbẹ̀dẹ,
Lẹ́yìn Ọjà Akẹ̀sán,
Ọ̀yọ́.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹwàá, 1988.

Adéjọkẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Màmá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ tí ò ń kọ́ ní Àkúrẹ́ ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń bẹ̀rù rẹ? Ara tèmi le. Ọkàn mi ni kò balẹ̀.

O béèrè irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe gan-an látìgbà tí a ti kúrò ní Pólì. Èmi náà ń béèrè. Lóṣù Kẹfà, èmi ni ohùn ọṣẹ ìfọṣọ kan nínú ìpolówó. Lóṣù Keje, àwọn elétò ìlera ṣe fíìmù nípa sòbìà, èmi ni wọ́n fi ṣe ohùn sòbìà. Bàbá mi sọ ní mọ́ṣáláṣí pé ọmọ àwọn ni sòbìà náà. Lórí ìtàgé, mo ti kú lẹ́ẹ̀mẹrin. Ṣùgbọ́n eré rédíò tí mò ń kọ fúnra mi, tí mo fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ àwọn ìyá ọkọ, ló jẹ́ kí ayé mọ̀ mí. Òun náà ló fẹ́ ba ayé mi jẹ́.

O rántí Hafeez, àfẹ́sọ́nà mi ará Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí mo lọ kí ìyá rẹ̀, tí wọ́n ń ta ike ní Ọjà Igbó, mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kì í láàárọ̀, mo sì di èyí tí mo lè rántí mú:

“Àlàmú, ọmọ olókè tí í fojú di òjò. Ṣé o ti jẹun? Ọmọ arógun-má-yẹsẹ̀. Ṣé o ti jẹun?”

Lọ́sẹ̀ kejì, ìyá ọkọ inú eré mi ki ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo gbàgbé pé oríkì ní agboolé tó ni ín. Gbogbo Ọjà Igbó dá a mọ̀. Bí Ìyá bá ti ń kọjá, àwọn ọlọ́jà á pariwo: “Ìyá Àlàmú, ṣé ẹ ti jẹun?”

Oṣù tó ń bọ̀ ló yẹ kí wọ́n wá tọrọ mi lọ́wọ́ Bàbá. Hafeez wá kọ̀wé pé Ìyá ní kí n wá lọ́jọ́ Sátidé, kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú mọ́tò, ẹnì kan dá ohùn mi mọ̀, ó ní kí n ṣe sòbìà. Mo ṣe é.

Ìyá àti àwọn ìyàwó ilé ti jókòó dè mí. Mo kúnlẹ̀.

Ìyá ní, “Oní-rédíò, ṣe ìyá ọkọ yẹn ká gbọ́.”

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ dárí jì mí.”

“Ṣé mo ní kí o bẹ̀bẹ̀ ni? Ṣe é!”

Mo ṣe é. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Safurat, ìyàwó ẹ̀gbọ́n Hafeez, fi ìborùn bo ẹnu.

“O fo ìlà kẹta,” ni Ìyá wí. “Ibẹ̀ ni bàbá ọkọ mi wà. O jẹ́ kí gbogbo ayé rò pé a ò ní baba nílé yìí. Wá ní Sátidé tó ń bọ̀, màá kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀.” Wọ́n tún béèrè ọjọ́ tí eré náà yóò tún jáde. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n fẹ́ gbọ́ ọ ni tàbí wọ́n fẹ́ kí n pa á tì. Mi ò bi wọ́n.

Safurat sìn mí dé gáréèjì. Mo ní ìyà tí Ìyá máa fi jẹ mí ni ẹ̀kọ́ yẹn. Ó wò mí bí ẹní wo òpè.

“Ta ló ń kọ́ àlejò ní oríkì ilé? Èmi tí ò ń wò yìí, ọdún kejì tí mo délé ni wọ́n tó kọ́ mi.”

Adéjọkẹ́, tẹ́lẹ̀, mò ń bẹ̀rù pé wọn ò ní gbà mí. Ní báyìí, ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n ti gbà mí.

Bá mi kí Màmá àti Káyọ̀dé àbúrò rẹ. Fi mí sínú àdúrà, pàápàá ní Sátidé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí àyà rẹ̀ ṣì ń já,
Marufat.